Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Àwòrán Ọkàn Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àyà mi fún mi, òkè Mápó ni mo ń gùn. Mo ti ra ata àti àlùbọ́sà ní Ọjà'ba, mo ń gba orí òkè padà sílé wa ní Bẹẹrẹ, ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ibẹ̀ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò tíì gùn ún dé ìdajì tó fi dà bí ẹni pé ẹnì kan gba ẹ̀yìn mi wá, ó fi ọ̀já dì mí láyà, ó wá ń fà á le. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí bí ọgbẹ́ ṣe ń dunni. Ó wúwo ni, èémí mi sì kúrú. Mo dúró, mo ṣí báàgì mi, mo ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló dé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi mí sílẹ̀. Mo délé, mo se ọbẹ̀, mo kírun, n kò sọ fún ẹnì kankan.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ ni pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà. "Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì mí láyà." Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹní ni ìyá mi ń tà ní Ọjà'ba. Lọ́dún tí wọ́n kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àyà ń fún wọn bí wọ́n bá gbé ìdì ẹní, pé bí wọ́n bá ti jókòó, á fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní inú ló ń kó afẹ́fẹ́ sókè. Èmi náà gbà pé inú ni. Àwọn fúnra wọn ló dárúkọ oògùn ọ́lísà tí wọ́n fẹ́ kí n rà, mo sì rà á. Mo ń po ẹ̀kọ fún wọn láràárọ̀, mo ní kí wọ́n dín ata kù. Ó tó bí oṣù méjì tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọ yàrá wọn, mo bá wọn lórí ẹní ìkírun, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ara wọn kò tíì tutù, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ.

A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àbúrò mi obìnrin, òun nìkan ni ọmọ ìyá tí mo ní, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè Ọya nígbà náà. Ọjọ́ kejì ló tó dé. Ó bá wa níbi tí àwọn èèyàn ti ń kí wa. Kò sunkún. Ó dúró láàárín agbo ilé, ó wò mí, ó ní, "Oṣù méjì ni àyà fi ń dun ìyá mi, ẹ ò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀kọ lẹ̀ ń fún wọn mu. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? N kò gbé wọn lọ lóòótọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, "Ẹ kú ilé" àti "Ẹ kú ọdún" nìkan ló kù láàárín èmi àti òun. Òun náà fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìbàdàn, ó ń gbé ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Òkè Bọ́lá. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílùú òyìnbó. Láti Bẹẹrẹ dé Òkè Bọ́lá kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n n kò dé ẹnu ọ̀nà ilé náà rí.

Ìyàwó àkọ́bí mi ló tú mi fó. Inú agbo ilé kan náà ni èmi àti àwọn jọ ń gbé, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Mo ń fa omi láti inú kànga lọ́jọ́ kan, ọ̀já yẹn tún dé, mo fi ọwọ́ ti ara mi mọ́ etí kànga. Ó yọ sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń làágùn. Ojú yín ti funfun."

Mo ní, "Oòrùn ni."

Ó wo òkè, kò sí oòrùn. Kó tó di ìrun Àlàásárì, ọmọ mi ti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń ṣe sílẹ̀, ó ti dé, ó ní kí n wọ bàtà.

Ọ̀dọ̀ dókítà kan nítòsí la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà, mọ́ mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, bébà gígùn kan jáde, dókítà yẹn wò ó, ó wò ó, ó kọ lẹ́tà fún wa pé kí a lọ bá dókítà ọkàn ní ọsibítù ńlá. Gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, ohun tó ń lọ lọ́kàn mi kò ju pé ọjọ́ orí mi ti sún mọ́ iye tí ìyá mi ní nígbà tí wọ́n kú.

Dókítà ọkàn jẹ́ ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun létí, ó fara balẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ìgbà wo ló máa ń ṣe mí? Ṣé tí mo bá ń ṣiṣẹ́ ni àbí tí mo bá jókòó? Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó? Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mà, bébà tí wáyà yà yìí ń sọ nǹkan fún wa, ṣùgbọ́n kò là á yé wa tán. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé lára ọkàn yín."

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ là mí láyà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Abẹ́rẹ́ lásán ni. Oògùn kan wà nínú abẹ́rẹ́ náà tó ní ìtànṣán díẹ̀ lára. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbà ni òun náà á gbà. Tó bá dé ọkàn, kámẹ́rà á máa rí i láti ìta. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé dáadáa á mọ́lẹ̀, ibi tí kò bá dé á ṣókùnkùn. Ìgbà méjì la máa yà á, ìgbà kan tí ọkàn yín bá ń sinmi, ìgbà kan tó bá ti ṣiṣẹ́."

"Ìtànṣán yẹn kò ní jó mi nínú?"

"Ìwọ̀nba ni, Mà. Kó tó di ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti bá ìtọ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò báyìí tún sàn ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, èèyàn máa pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, oògùn tó ń gbà náà sì máa pọ̀. Ti ìsinsìnyí yára, oògùn díẹ̀ sì ti tó o."

Mo mi orí bí ẹni tó ti yé. Díẹ̀ ló yé mi nínú rẹ̀. Èyí tó yé mi jù ni pé wọn kò ní fi ọ̀bẹ kàn mí.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. Láti ọjọ́ tó ṣáájú, n kò gbọdọ̀ mu tíì, n kò gbọdọ̀ mu kòkó, n kò gbọdọ̀ jẹ obì.

Mo ní, "Obì ńkọ́? Díẹ̀ báyìí, ẹyọ awẹ́ kan?"

"Mo ti dárúkọ obì, Màmá."

Lẹ́yìn èyí ló sọ èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, kí n má ṣe jókòó ti aboyún, kí n má ṣe gbé ọmọ kékeré mọ́ra.

Ẹ̀rín ló pa mí. Ẹni tó bá mọ agbo ilé wa á mọ ìdí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyàwó ọmọ mi, ìyàwó méjì míì lóyún lágbolé lọ́dún náà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, orí ibùsùn mi ló ń sùn, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ lé mi níkùn. Àwọn ọmọ tí ilé ìwé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yà sí láti wá kàwé. Bí mo bá wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn, wọ́n á kàn án títí n ó fi ṣí i.

Nígbà tí a délé, a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi ní òun á gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún mi. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà tí mo bọ̀, kí n lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú tí wọ́n bí mi sí, kí ẹni tó rí mi níbẹ̀ wá máa ro ohun tó bá wù ú? A dárúkọ àwọn ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ tuntun wà níbẹ̀. A dárúkọ Ìdí Arère, ìbejì wà níbẹ̀. Bẹyẹrúnká ńkọ́? Ọmọ kún ibẹ̀ ju tiwa lọ. Ìyàwó ọmọ mi ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sókè, "Màmá, Òkè Bọ́lá ńkọ́?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé fóònù tí mo tún gbé e sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo kírun Àìlà tán, mo pè é.

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ le bí ti ẹni tó ń retí ìròyìn ikú.

Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ya àwòrán ọkàn mi. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Mo ní ibi tí n ó sùn mọ́jú ọjọ́ kan ṣoṣo ni mò ń wá, pé n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo ti ń rò pé iná fóònù rẹ̀ ti tán nígbà tó ní, "Kí ló ń ṣe yín láyà?"

"Ó kàn máa ń fún mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Ẹ máa bọ̀. Ọjọ́ wo ni?"

Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Mo ti pa obì tì fún odindi ọjọ́ kan, orí ti ń fọ́ mi nítorí rẹ̀, ni wọ́n tó pè wá pé oògùn kò dé. Ọmọ mi bínú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé òkè òkun ni ohun èlò oògùn náà ti ń bọ̀ nínú bàálù, pé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè rà pamọ́, nítorí bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ. Bí bàálù bá pẹ́, aláìsàn á dúró. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Nínú ọ̀sẹ̀ náà, mo fa ìwé ogún mi jáde nínú àpótí, mo kà á, mo dá a padà. N kò sọ ìyẹn fún ọmọ mi títí dòní.

Nígbà tí ọjọ́ pé, aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí èmi àti ọmọ mi fi dé ibẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lórí àga ìjókòó àwọn aláìsàn ni àbúrò mi. Ó de gèlè funfun kékeré kan, ó gbé ìgò omi ńlá lé ẹsẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Mo ní, "Ìwọ, kí lo wá ṣe níbí? Ilé ni mo ní kí o dúró dè mí."

Ó ní, "Mo mọ bí ibí yìí ṣe rí. Ó yẹ kí èèyàn wà pẹ̀lú yín." Ó yíjú sí ọmọ mi. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Màá pè ọ́."

Ọmọ mi wò mí. Mo ní kó máa lọ.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ló gbà wá wọlé. Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sí mi lápá, ó fi í síbẹ̀, ó ti oògùn inú rẹ̀ sínú iṣan mi. N kò mọ ohun kan lára. Mo ti ń retí kó gbóná, tàbí kó ta mí, kò ṣe nǹkan kan. A jókòó fún bíi wákàtí kan, wọ́n ní kí n mu mílíìkì. Àbúrò mi ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, èmi ń ka tèmi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sábẹ́ kámẹ́rà. Mo ti rò pé yóò dà bí ihò tí wọ́n máa tì mí wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kámẹ́rà ní orí pẹlẹbẹ méjì, wọ́n dúró sókè àyà mi àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé apá méjèèjì lé orí, kí n má mira. Apá ro mí ju ohunkóhun lọ. Mo wo òrùlé. Mo ń rò ó pé ìyá mi kò rí irú yìí rí, pé bí mo bá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kan wà tó ń dúró ní ìta tó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọnú ọkàn, wọ́n á ní kí n yé pa irọ́.

Ẹ̀rọ ìrìn ló kàn. Wọ́n ní kí n tú ìró mi, kí n wọ ṣòkòtò. Ìyàwó ọmọ mi ti fi ọ̀kan sínú báàgì mi pẹ̀lú bàtà kánfáàsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò wọ ṣòkòtò rí. Nígbà tí mo jáde nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, àbúrò mi fi gèlè bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ní kí n máa rìn. Ilẹ̀ ẹ̀rọ náà ń lọ sẹ́yìn, èmi ń lọ síwájú, n kò kúrò lójú kan. Ó kọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó di òkè. Dókítà ní, "Màmá, tí àyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín, ẹ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń bọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò lè la ẹnu. Mo ti fi í pamọ́ pẹ́ débi pé kò rọrùn láti sọ ọ́, kódà níwájú ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ. Mo ń rìn lọ, mo di irin mú. Àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí ojú mi. Ó kígbe, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́!"

Mo ní, "Ó ti dé. Ó ń fún mi."

Dókítà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣì máa rìn díẹ̀." Ó ti oògùn kejì sínú iṣan mi, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń kà, ó wá ní kí wọ́n dín in kù. Wọ́n gbé àga wá. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fi mí sílẹ̀. A tún dúró, mo tún padà sábẹ́ kámẹ́rà, ó parí.

Ní Òkè Bọ́lá, àbúrò mi ti tẹ́ ibùsùn sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n máa mu ún, kí n sì máa lọ tọ̀. Mo kí ìrun Àlàásárì tán, mo bá a tó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó.

Mo ní, "Ṣé kò yẹ kí o jìnnà sí mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lé ní ọgọ́ta. Oyún wo ló wà nínú mi?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá àwa méjèèjì lójijì. Ó ń tún etí ìró rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Nígbà tí ẹ wà lórí ẹ̀rọ yẹn, báwo ló ṣe ṣe yín gan-an?"

"Bí ọ̀já ni. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀já dì mí láyà."

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ohun tí Màmá sọ fún èmi náà nìyẹn."

"Màmá sọ fún ọ? Nígbà wo?"

"Lórí fóònù. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó sọ fún yín. Wọ́n ní, 'Ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ni kí n lò?' Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo bi wọ́n bóyá ó máa ń ta wọ́n tí wọ́n bá jẹun, wọ́n ní nígbà mìíràn. Mo ní ọ́lísà ni. Èmi ni mo dárúkọ oògùn yẹn fún wọn. Ta lẹ rò pé ó sọ ọ́ fún wọn?"

N kò ní parọ́, inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo rò pé àyà mi tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"O dúró láàárín agbo ilé," mo ní. "Níwájú gbogbo èèyàn."

"Mo mọ̀."

"Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí mo po ẹ̀kọ tí n kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wá síbi òkú, mo ti ń rò ó pé èmi ni. Nígbà tí mo wá rí yín, mo rí i pé mo lè gbé e lé yín lórí. Mo gbé e lé yín. Mo rò pé màá lè sùn. N kò sùn." Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kan ilẹ̀, ó ń rá bọ̀ wá síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ forí jì mí."

Mo ní, "Dìde, dìde. Ìtànṣán wà lára mi!"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà."

Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. N kò mọ̀ bóyá mo ti forí jì í ní ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun kan tí mo ti ń dá gbé láti ọjọ́ pípẹ́ ti di ti ẹni méjì, ó sì fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. A sọ̀rọ̀ ìyá wa títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì. A sọ bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹní lu ẹni tó bá fẹ́ dúnàádúrà jù. Ó ti pẹ́ tí n kò gbọ́ kí ẹlòmíì tún sọ ìtàn yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ gba èsì. Dókítà ọkàn yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Àwòrán ọkàn mi ló wà níbẹ̀ ní rìbìtì rìbìtì, wọ́n pupa, wọ́n sì dà bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ìlà òkè jẹ́ ìgbà tí mo rìn, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìgbà tí mo sinmi. Ó fi bírò tọ́ka sí etí ọ̀kan. "Ẹ rí ibí yìí, nígbà tí ẹ ń rìn, kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ wá wò ó nígbà tí ẹ sinmi."

Ó ti mọ́lẹ̀ bí àwọn yòókù.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ibì kankan tó ti kú lára ọkàn yín, Mà. Ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibi kékeré kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé tí ẹ bá ṣe wàhálà. Oògùn máa kápá rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí pé ẹ̀ ń lọ sílùú òyìnbó."

Mo ní, "Àlùhámúdúlílàhì," mo tún un wí, mo tún un wí, títí dókítà fi ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá mo ṣì lè gun òkè Mápó. Ó ní kí n máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí n máa dúró sinmi, kí oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n má ṣe kúrò nínú báàgì mi.

A ti ń dìde nígbà tí àbúrò mi jókòó padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá wa fún dókítà, gbogbo rẹ̀, ti fóònù, ti oògùn ọ́lísà, ti ẹ̀kọ. Kò fi apá tirẹ̀ pamọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni mí, sà. Ṣé ó yẹ kí n mọ̀?"

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "N kò ṣe àyẹ̀wò wọn, n kò lè sọ pé ohun báyìí ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n mo lè sọ èyí fún yín: tí ọkàn bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, pàápàá àwọn obìnrin, ó máa ń jọ inú rírun gan-an. Èmi náà ti pe irú rẹ̀ ní ọ́lísà rí. Nígbà yẹn, ìwọ̀nba èèyàn ló ń rí irú àyẹ̀wò yìí ṣe. Ẹ̀yin méjèèjì fún wọn ní ohun tí ẹ rò pé á ràn wọ́n lọ́wọ́."

Àbúrò mi mi orí. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú rẹ̀, ó kí dókítà, a jáde.

Ebi ń pa wá. A ra gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu géètì, a wọ takisí, èmi àti òun lẹ́yìn. Ó ní dírẹ́bà ń sáré jù, dírẹ́bà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo pe ọmọ mi, mo sọ fún un, mo gbọ́ tó ń pariwo fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbé fóònù sílẹ̀, àbúrò mi ti sùn lọ. Orí rẹ̀ ti wà léjìká mi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, gúgúrú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà bèèrè ibi tí a ti máa sọ̀. Mo ní kó rọra máa wà á lọ ná.